Ọ̀rá Tó Wà Láyà Gìtá

Èmi àti ọ̀rá ò rẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mi á mọ ìdí rẹ̀. Àga ni mò ń tún ṣe, àga onítìmùtìmù tí ìjókòó rẹ̀ ti wọlé, tí awọ rẹ̀ ti ya, tí igi abẹ́ rẹ̀ ti ń dún béèyàn bá ti fìdí kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé àga wá bá mi ló jẹ́ pé ọ̀rá ló bà á jẹ́ fún wọn. Wọ́n á ra àga tuntun, wọ́n á ní kí ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ kó má baà dọ̀tí. Òógùn á wọ abẹ́ ọ̀rá, kò ní ríbi jáde, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àlejò á jókòó, á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kó má bínú. Tí mo bá ti rí irú àga bẹ́ẹ̀, kí n tó béèrè ohun tó ṣe é, màá ti fa ọ̀rá yẹn ya. Ìyá Fàáya làwọn oníbàárà mi ń pè mí. Mi ò kọ̀ ọ́.

Ìyàwó àbúrò mi ní tirẹ̀, ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ aṣọ. Tó bá lọ̀ ọ́ tán, á ká a, á fi ọ̀rá wé e, á fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Lójú tirẹ̀, ohun tí ò bá sí nínú ọ̀rá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nìyẹn. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wọn wà nínú ọ̀rá. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà nínú ọ̀rá. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò mi ń mí, òun náà ì bá ti wà nínú ọ̀rá tipẹ́. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi yìí nìkan ni ìyá wa bí tẹ̀ lé mi. Gìtá báàsì ló ń ta. Báàsì ni gìtá olókùn nínípọn tó máa ń dún lábẹ́ orin, èyí tí ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń dún àfi tó bá dákẹ́. Òun náà ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ohùn Ìsàlẹ̀. Tó bá kí èèyàn láti yàrá kejì, gíláàsì á gbọ̀n lórí tábìlì. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kó rọra, pé etí wa ò tíì di. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Kí àìsàn tó dé ló ti sọ fún ilé ìtajà kan pé kí wọ́n bá òun mú báàsì tuntun wá. Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ ti kán lọ́rùn. Ó yan àwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, àyà rẹ̀ dúdú. Ó ń retí rẹ̀ lójú méjèèjì. Àárín ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. A pè é ní òtútù. Nígbà tá a fi máa gbé e dé ọsibítù, kò lè mí dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ ti yí, kò mọ ẹni tó dúró tì í.

Dókítà pe èmi àti ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kókó kan ti dí ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti gba gbogbo ibi tí ohùn ti ń jáde. Tí àwọn ò bá gé ibẹ̀ kúrò pátápátá, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a. Tí àwọn bá sì gé e, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ó na ìwé sí ìyàwó pé kó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi ni mo bá a di ìwé náà mú sórí tábìlì kó tó lè tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Wọ́n gé e. Ó yè é. Wọ́n lu ihò sí i lọ́rùn níwájú, ibẹ̀ ló ti ń mí. Dókítà ní tó bá jí, òun á ṣàlàyé fún un. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jẹ́ kí àwa ará ilé sọ ọ́ fún un fúnra wa. Dókítà gbà. A ò sì sọ ọ́. Àbúrò mi jí, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní, “Á padà. Ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ ni, á padà.” Ó yíjú sí mi. Mo ní, “Á padà o, Ohùn Ìsàlẹ̀.” Kí ni ǹ bá sọ?

Bó ṣe di pé irọ́ wọlé tì wá nìyẹn. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó ti ṣẹ́jú sí i. Tí àwọn ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ bá béèrè ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, a ó ní láìpẹ́. Nígbà tá a fi máa gbé e délé, irọ́ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tó délé ni báàsì dé. Èmi ni mo tú páálí rẹ̀ ní pálọ̀, níwájú rẹ̀, pé kí inú rẹ̀ lè dùn. Ó rẹwà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Igi rẹ̀ ń dán, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ nípọn. Níbi àyà rẹ̀, níbi tí ọwọ́ máa ń gbà kọjá lórí okùn, wọ́n fi awo dúdú pẹlẹbẹ kan bò ó kí èékánná má baà ha igi. Lórí awo yẹn ni wọ́n lẹ ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan mọ́. Mo na èékánná mi sí i. Ṣebí ẹ mọ̀ mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bó o,” ìyàwó ní. “Ilé ìtajà ní àwọn lè gbà á padà tí ọ̀rá rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Tá a bá ti bó o pẹ́nrẹ́n, ó parí.”

“Ta ló fẹ́ dá a padà?”

Ó fà mí lọ́wọ́ wọ kíṣìnnì. Kò sí ilẹ̀kùn láàárín kíṣìnnì wọn àti pálọ̀, aṣọ títa ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn. Ó ní, “Ẹ̀yin náà kúkú gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ìgbà tí kò lè kọrin mọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe? Kó máa wò ó lójoojúmọ́, kó máa bà á nínú jẹ́?”

“Ìka ni wọ́n fi ń ta gìtá, Ìyàwó. Ọ̀fun kọ́. Tá a bá fi ọ̀rá sílẹ̀ lára nǹkan yẹn, ohun tá à ń sọ fún un ni pé a ti gbà pé ó ti tán fún un.”

“Tá a bá wá bó o ńkọ́, tí kò sì fọwọ́ kàn án?”

Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá ní èsì sí ló máa ń mú mi pariwo. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ọ̀rá, ọ̀rá, ọ̀rá ló kù tó mọ̀, pé kó wá fi ọ̀rá wé gbogbo wa ká lè sinmi. Mo sọ̀rọ̀ tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì jáde padà sí pálọ̀. Mo tẹ̀ lé e.

Àbúrò mi ti dìde jókòó lórí àga. Ó ń wò wá. Ó mi ètè, ó ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí atẹ́gùn tó ń gba ẹnu rẹ̀ mọ́, ètè lásán là ń wò. Ó tún un sọ. A ò gbọ́. Ló bá mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nǹkan sí i, ó nà án sí wa.

“E ma bo o.” Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ bí gbogbo wa ṣe ń tẹ èdè wa lórí fóònù, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, ẹni tó bá máa kà á ni yóò fi ohùn sí i fúnra rẹ̀.

“Ẹ ò rí i?” ìyàwó ní. “Ẹ má bó o. Ó ní ká má bó o.”

“Níbo? Ẹ máa bó o ló tẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ká máa bó o lọ.”

“A kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá jẹ́ máa ni, a méjì ni.”

“Ọmọ ìyá mi ni. Mo mọ bó ṣe ń kọ nǹkan. Láti ilé ìwé ni kò ti kọ a méjì rí.”

Ibẹ̀ la wà, àwa àgbàlagbà méjì, à ń jà lórí a. Mo yíjú sí i níkẹyìn, mo ní, “Ohùn Ìsàlẹ̀, èwo nínú rẹ̀? Ká bó o ni àbí ká má bó o?” Ó wò mí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ń wò wá. Mo rò pé ó ń ro èyí tó fẹ́ ni. Ó da fóònù náà délẹ̀ sórí àga, ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn, kò tẹ nǹkan kan sí fóònù mọ́. Tá a bá fi fóònù sí i lọ́wọ́, á rọra gbé e sílẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọ ibi ihò ọrùn rẹ̀, ó ń jẹ́ kí n gbé e dìde, ó ń mu omi ẹ̀wà lílọ̀ tá a bá gbé e wá. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú wa. Mo ní oògùn ló fà á. Ìyàwó ní àárẹ̀ ni. Gìtá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìyàwó kò gbà kí n bó o, èmi náà ò gbà kó dá a padà.

Mo máa ń lọ síbẹ̀ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ìyàwó á kí ara wa bí ará ọ́fíìsì. Ó dùn mí, torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, a ò jà rí, àfi ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí kò nípọn tó èèpo àlùbọ́sà ló wá di odi sáàárín wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó ń lọ aṣọ ní pálọ̀, èmi ń kan apá àga wọn kan tó ti ń mì. Àga onígi ni, tìmùtìmù wà nídìí àti lẹ́yìn rẹ̀, igi ni apá rẹ̀. Mo kàn án tán, mo fọwọ́ mì í wò, kò mì mọ́. Bí mo ṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni mo rí i tí àbúrò mi ti dúró. Kò pe ẹnikẹ́ni kó gbé òun dìde. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé báàsì, ó wá jókòó sórí àga tí mo kàn. Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ọ̀rá yẹn ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí okùn.

Kò so ó mọ́ sípíkà. Báàsì tí wọn ò bá sì so mọ́ sípíkà, ohùn rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó wá fi ìdí gìtá náà ti igi apá àga, igi sì gba ohùn náà, ó gbé e jáde. Mo gbọ́ ọ dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹ́rin: àkọ́kọ́ wà láàárín, èkejì gòkè, ẹ̀kẹta já bọ́ sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀kẹrin tún gòkè. Ó dúró. Ó tún un ta. Orin ni mo pè é, mo tiẹ̀ ti fẹ́ máa fi orí jó o. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì pẹ̀lú rẹ̀, okùn kan, ètè kan. Ojú mi ló sì ń wò, ó pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo wo ètè náà. Ẹ. Ma. Bo. O. Ohun tó tẹ̀ sí fóònù lọ́jọ́ yẹn náà ni. Mo ní, “Ẹ má bó o?” Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ ọ fúnra mi pé kò bá a mu, ohùn tèmi wà lókè níbi tí tirẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ máa bó o?” Ìyẹn gùn jù. Ó mi orí pé rárá. Ó tún un ta, ó sì tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní ẹ̀kẹta yẹn, ó jẹ́ kó dún pẹ́, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń wà.

Ìyàwó ló gbọ́ ọ. Kò yí padà sí wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa nídìí tábìlì aṣọ, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “Ẹ má bò ó.”

Àbúrò mi tẹ orí rẹ̀ sísàlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

“Ká má bò ó kẹ̀?” mo ní. “Kí la bò?” Mo wo gìtá, mo wo ọ̀rá àyà rẹ̀, mo ń wá ohun tá a bò. Kí n tó la ẹnu béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ náà dé bá mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rá ló bá wa sọ. Kò fìgbà kan sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Ó gbọ́ wa ní kíṣìnnì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gé ọ̀fun rẹ̀, wọn ò gé etí rẹ̀. Ó ní ká má bò ó fún òun, ohun tí dókítà sọ. Àwa sì dúró síwájú rẹ̀, à ń bi í pé ká bó o ni àbí ká má bó o. Lójú tirẹ̀, ó ti bẹ̀ wá, àwa la dọ́gbọ́n pé a ò gbọ́. Mo ro gbogbo ọjọ́ tó fi kọjú sí ògiri. Ojú tì mí débi tí mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ohùn rẹ ò ní padà,” mo ní. “Wọ́n gé e kúrò ni. Dókítà sọ fún wa kí wọ́n tó gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A purọ́ fún ọ, àwa méjèèjì. Kò ní padà, àbúrò mi. Kò ní padà láé.”

Kò mira. Mo rò pé ó máa ju gìtá náà sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí okùn, ó ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, méjì àkọ́kọ́ dọ́gba láàárín, ẹ̀kẹta lọ sísàlẹ̀. Mi ò nílò kó tún un ta. Mo rí ètè rẹ̀.

Mo ti mọ̀.

Mo bú sẹ́kún. Èmi tí mo sọ fún gbogbo èèyàn ní ọsibítù pé kí wọ́n má sunkún. Ó ti mọ̀. Bóyá ẹnu nọ́ọ̀sì ló ti gbọ́ ọ kí ọjọ́ kíṣìnnì yẹn tó dé, bóyá ara rẹ̀ ló sọ fún un. Kò retí pé ká sọ ohun tuntun fún òun. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹnì kan nínú ilé wo òun lójú kó sọ ọ́, kí òun má baà dá nìkan mọ̀ ọ́.

Ìyàwó ti kúrò nídìí tábìlì. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dorí kodò.

“Èmi ni mo tọwọ́ bọ̀wé,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n mi bá mi di ìwé mú, ṣùgbọ́n èmi ni mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n bi mí, mo ní kí wọ́n gé e. Mi ò lè bi yín, ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo mọ ohun tí ohùn yẹn jẹ́ fún yín, mo sì ní kí wọ́n gé e. Ìdí tí mo fi ń bò ó nìyẹn. Kì í ṣe torí tiyín, torí tèmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní lè wo ojú mi mọ́.”

Èémí àbúrò mi nìkan là ń gbọ́, èyí tó ń gba ọrùn jáde. Lẹ́yìn náà ló ta okùn lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní láàárín, èkejì lókè.

Ìyàwó ò gbé orí sókè. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ le. Ohùn méjì bẹ́ẹ̀, kí ni kò lè jẹ́? Ikú náà ni. Ilé náà ni, bíi kó máa lọ sílé wọn. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ láìwo ẹnu rẹ̀, òun sì ń wo ilẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan gba àgbọ̀n rẹ̀, mo gbé e sókè.

“Wo ẹnu rẹ̀, Ìyàwó.”

Àbúrò mi tún un ta, jẹ́jẹ́. Ètè rẹ̀ ká roboto, lẹ́yìn náà eyín rẹ̀ pàdé, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ìyàwó fi ètè tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kò dún, bí ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ ọ́ síta.

“O ṣé,” ó ní. “Ó ní, o ṣé.”

Ó gbé iwájú orí rẹ̀ lé orúnkún ọkọ rẹ̀, ó sunkún tó pọ̀. Mi ò pariwo mọ́ ọn. Mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, omijé ti kán sórí ọ̀rá àyà gìtá. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó wò ó díẹ̀. Ó wá fi èékánná wá etí rẹ̀, ó rọra ń bó o, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí báńdéèjì lójú egbò, títí gbogbo rẹ̀ fi kúrò. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Kò sì bi mí pé ṣé kí òun bó o.

Àbúrò mi gbé ọwọ́ lé awo dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Èyí gùn, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń padà. Àwa méjèèjì sáré wo ẹnu rẹ̀ ká má baà tún ṣì í gbọ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Orin ni.